Ìsopọ̀ Ọkọ̀ Ojú Irin Àfọwọ́ṣe: Ọ̀nà Tí Wágọ́ọ̀nù Kò Fi Ní Já Lẹ́nu Ẹ̀kọ́

Ìfáàrà

Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 nà dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì gba Ìwó kọjá. Nítorí náà, ọkọ̀ ojú irin jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó wà nítòsí fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ agbègbè yìí nípa ìfà àti ìtì. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ lè fi agolo sàdíìnì, ìdérí ìgò àti wáyà ṣe é. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti ń fà á, wágọ́ọ̀nù ẹ̀yìn a já sílẹ̀. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ yóò bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀kọ́ a sì dàrú. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé ohun tí ń fa jíjá náà àti ọ̀nà àbáyọ.

Ìsopọ̀ Ọkọ̀ Gidi

Ní Amẹ́ríkà àtijọ́, òrùka irin àti èèkàn irin ni wọ́n fi ń so wágọ́ọ̀nù pọ̀. Òṣìṣẹ́ ní láti dúró láàrin wágọ́ọ̀nù méjì kí ó tó lè ti èèkàn bọ ihò. Ọ̀pọ̀ wọn pàdánù ìka, àwọn mìíràn pàdánù ẹ̀mí. Ní ọdún 1873, Eli Janney gba ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá lórí ìkọ́ tí ó dà bí ọwọ́ méjì tí ó ká ìka kọ́ ara wọn. Bí wágọ́ọ̀nù méjì bá ti kanra, ìkọ́ náà a dè fúnra rẹ̀. Òfin ọdún 1893 ní Amẹ́ríkà sọ ìkọ́ tí ń dè fúnra rẹ̀ di dandan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àfọwọ́ṣe òde òní ni ó ń lo ìrísí yìí. Bí a kò bá ṣí irú ìkọ́ bẹ́ẹ̀, fífà kò lè tú u. Òkè tàbí ìsàlẹ̀ ni ó sábà ń gbà yọ.

Ohun Tí Ń Fa Jíjá

Ìkọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń di ẹ̀bi rù. Ṣùgbọ́n ibi tí a fojú sí, ọ̀nà lè má gba ibẹ̀. Ohun márùn-ún ni ó yẹ ní yíyẹ̀wò.

Èkínní ni gíga ìkọ́. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, wọn yóò yọ̀ kúrò lára wọn. Kí olùkọ́ fi páálí kan ṣe òṣùwọ̀n, kí ó sì fi wọn gbogbo ìkọ́ láti orí irin.

Èkejì ni ojú irin. Níbi tí oríkèé irin bá ti ga tàbí tí ó ti jìn, wágọ́ọ̀nù iwájú a gòkè nígbà tí ti ẹ̀yìn ṣì wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni kọ́nà. Kọ́nà tí ó há ń fa ìkọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí kọ́nà méjì bá kọjú sí ọ̀tún àti òsì, kí irin títọ́ tí ó gùn tó wágọ́ọ̀nù tí ó gùn jù wà láàrin wọn.

Ẹ̀kẹrin ni ìwúwo. Wágọ́ọ̀nù tí ó fúyẹ́ a máa ta pọ́n-ún. Ẹgbẹ́ NMRA ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1935, dámọ̀ràn áúńsì 1 pẹ̀lú ìdajì áúńsì fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan, fún ọkọ̀ tí ó jẹ́ ìdá kan nínú 87 ọkọ̀ gidi. Èyí ni pé wágọ́ọ̀nù onínǹṣì 6 yóò wúwo tó áúńsì 4, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 113. Fún ọkọ̀ alágolo, yanrìn díẹ̀ nísàlẹ̀ agolo tó. Kí èyí tí ó wúwo wà nítòsí orí ọkọ̀, kí èyí tí ó fúyẹ́ wà lẹ́yìn.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹsẹ̀ tí kò yí geere àti ìfà òjijì. Ẹsẹ̀ tí ó há ń di ẹrù ru ìkọ́. Ìfà òjijì sì ń já a gbà. Jẹ́jẹ́ ni kí wọ́n máa gbé ọkọ̀ náà.

Ọ̀nà kan wà láti mọ ibi tí àléébù wà. Bí wágọ́ọ̀nù kan náà bá ń já níbikíbi tí ọkọ̀ dé, wágọ́ọ̀nù ni kí a tún ṣe. Bí ó bá jẹ́ ojú kan náà ni oríṣiríṣi wágọ́ọ̀nù ti ń já, ojú irin ni kí a tún ṣe.

Ìlò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Àwọn ọmọ sábà máa ń fi okùn so agolo wọn. Okùn lè fà, ṣùgbọ́n kò lè tì; bí ọkọ̀ bá ń sọ̀kalẹ̀, wágọ́ọ̀nù ẹ̀yìn a kọlu ti iwájú. Bí olùkọ́ bá fi ìkọ́ wáyà rọ́pò okùn lójú wọn, ìyàtọ̀ láàrin ìfà àti ìtì yóò yé wọn láìsí àlàyé gígùn. Kí ó tún sọ fún wọn pé bí ọkọ̀ gidi bá já, páìpù bíréèkì rẹ̀ náà a já, bíréèkì a sì mú apá méjèèjì dúró. Ẹ̀mí èrò ni wọ́n fi ètò yìí dáàbò bò.

Ètò Ìfẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí láti ọdún 1970 ti fi hàn pé èdè Yorùbá tó láti fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ìkọ́, ìwúwo, ìfà àti ìtì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí ọmọ Ìwó.

Àgbálọgbábọ̀

Jíjá wágọ́ọ̀nù kì í ṣe àmúwá àyànmọ́. Ó ní ohun tí ń fà á. Olùkọ́ tí ó bá yẹ gíga ìkọ́, ojú irin, kọ́nà, ìwúwo àti ẹsẹ̀ wò kí ó tó wọ kíláàsì ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ là. Bí ó bá sì já lójú àwọn ọmọ, kí ó má ṣe fi pamọ́; kí ó bi wọ́n léèrè ibi tí àléébù wà. Ìbéèrè yẹn gan-an ni sáyẹ́ǹsì.