Ṣíṣe Ọmọ Ẹgbẹ́ Civil Air Patrol ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà: Àǹfààní àti Àléébù Rẹ̀

  Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ pé n kì í ṣe awakọ̀ òfurufú, n kò sì fi ìgbà kankan wọ ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọmọ mi ni ó wọ̀ ọ́. Fọ́ọ̀mù kan tí ó mú wálé ni ó sọ mí di olùwádìí.

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 2005, nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin wa, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà náà, ti ilé-ìwé dé, ó sì gbé ìwé kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i." Mo wo ìwé náà. Àwòrán àwọn ọmọdé ni mo rí lára rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ bí ti ológun, wọ́n sì tò lẹ́sẹẹsẹ. Àyà mi já. Ẹni tí ó bá gbé Nàìjíríà láti 1966 sí 1979, àti láti ìparí 1983 sí 1999, kò ní bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Mo fẹ́ fa ìwé náà ya, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dá mi lọ́wọ́ kọ́. Ó ní, "Bàbá Mọ́yọ̀, ẹ má tíì bá a wí. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó jẹ́ ná."

Ìmọ̀ràn yẹn ni mo tẹ̀ lé. Ìdí tí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ náà yẹ ní gbígbé wá síwájú yín ni pé ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí agbo ilé kan láàrin wa lónìí tí kò ní ẹbí ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ wọn ń mú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ wálé, àwọn òbí náà a sì máa tẹ̀ wá láago pé kí ni ká ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ yìí nítorí kí ó lè máa fò lọ́fẹ̀ẹ́, àfàìmọ̀ kí ó má kábàámọ̀. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ nítorí pé ó fẹ́ sìn, tí ó sì gbà tẹ́lẹ̀ pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní so èso tí a lè fojú rí, òun ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀.

2. Bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, 1941 ni a dá Civil Air Patrol sílẹ̀, ìyẹn ni ọjọ́ mẹ́fà péré kí àwọn ará Japan tó kọlu Pearl Harbor. Èrò àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀, tí Gill Robb Wilson wà lára wọn, ni pé bí ogun bá dé, a ó ka fífò àwọn aládàáni léèwọ̀, gbogbo ọkọ̀ òfurufú kéékèèké tí ó wà lọ́wọ́ wọn yóò sì wà lásán. Ó sàn kí a kó wọn jọ, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ní ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ìlú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ti Jámánì ń rì àwọn ọkọ̀ agbépo ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Láti oṣù Kẹta ọdún náà títí di ìparí oṣù Kẹjọ, 1943, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí ń fi ọkọ̀ tiwọn ṣọ́ etíkun. Oníṣòwò wà nínú wọn, àgbẹ̀ wà nínú wọn, àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá ti ológun sì wà pẹ̀lú. Wọ́n fò ju máìlì mílíọ̀nù 24 lọ, wọ́n sì ròyìn pé àwọn rí ọkọ̀ abẹ́ omi nígbà 173. Fún ọdún pípẹ́ ni a ń sọ pé wọ́n rì méjì nínú àwọn ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ àwọn ará Jámánì fúnra wọn kò gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Ohun tí kò sí iyèméjì nínú rẹ̀ ni pé 26 nínú àwọn olùṣọ́ etíkun wọ̀nyí ni wọ́n kú, wọ́n sì pàdánù ọkọ̀ 90. Ọdún 2014 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà dá wọn lọ́lá, nígbà tí púpọ̀ nínú wọn ti sùn.

Lẹ́yìn ogun, ní 1946, Ààrẹ Truman fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ẹgbẹ́ náà di àjọ aláàánú tí kì í ṣe fún èrè. Ní oṣù Karùn-ún, 1948, òfin mìíràn sọ ọ́ di olùrànlọ́wọ́ fún Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú. Orí òfin méjèèjì yìí ni ó dúró lé títí di òní.

3. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe

Àárò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Iṣẹ́ mẹ́ta ni òfin gbé lé wọn lọ́wọ́: iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ nígbà pàjáwìrì, títọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí a ń pè ní kádẹ́ẹ̀tì, àti kíkọ́ ará ìlú ní ìmọ̀ nípa òfurufú.

Wọ́n ní ọkọ̀ tí ó lé ní 500, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ Cessna kéékèèké tí ó ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ kan bá sọnù, ènìyàn mẹ́ta ni ó sábà máa ń wọ ọkọ̀ lọ wá a. Ẹnì kan ń wakọ̀. Ẹnì kejì jókòó tì í, ó ń bójú tó rédíò àti ọ̀nà tí wọn yóò tọ̀. Ẹnì kẹta wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kí ó máa wo ilẹ̀ láti ojú fèrèsé, kí ojú rẹ̀ má sì kúrò níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ẹsẹ̀ wá nínú igbó. Wọ́n tún máa ń ya àwòrán ibi tí ìjì tàbí omíyalé bá ti ṣọṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì ìkọlù 11 oṣù Kẹsàn-án, 2001, nígbà tí a ti ka fífò àwọn aládàáni léèwọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà, ọkọ̀ ẹgbẹ́ yìí ni ó fò kọjá lórí àwókù World Trade Center láti ya àwòrán rẹ̀ fún àwọn aláṣẹ.

4. Àǹfààní rẹ̀

Àǹfààní kìíní jẹ́ ti ọmọdé. Ọmọ tí ó bá wà láàrin ọdún 12 sí 18 lè wọlé, ó sì lè wà níbẹ̀ títí di ọdún 21. A ń mú kádẹ́ẹ̀tì fò lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà márùn-ún nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àti nígbà márùn-ún nínú èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán ilẹ̀, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, àti bí a ṣe ń darí ẹlẹgbẹ́ ẹni láìsí ìjágbemọ́ni. Bí ó bá gba àmì-ẹ̀yẹ tí a fi sọrí Billy Mitchell, tí ó sì yàn láti di ọmọ ogun òfurufú, ipò tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ yóò ga ju ti ẹni tí kò gbà á lọ. Kíyè sí i pé mo ní "tí ó sì yàn". Kò sí ẹ̀jẹ́ kankan tí ó de ọmọ mọ́ iṣẹ́ ológun, ó sì lè kúrò nígbàkigbà.

Èyí ni ó dáhùn ìbẹ̀rù mi. Aṣọ náà jọ ti ológun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò gbé ìbọn, kò sì ní àṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni. Aṣọ ológun tí èmi mọ̀ nílé, àṣẹ ni ó ń pa fún ará ìlú. Èyí ń wá ará ìlú tí ó sọnù kiri.

Àǹfààní kejì jẹ́ ti àgbàlagbà. Kò di ìgbà tí ènìyàn bá mọ ọkọ̀ òfurufú wà kí ó tó wúlò níbẹ̀. Olùkọ́, oníṣirò owó, dókítà àti àlùfáà, gbogbo wọn ni wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Fún àwa àlejò ní ilẹ̀ onílẹ̀, ó tún ní ìtumọ̀ mìíràn. Ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí lọ lè wọlé, bí kò tilẹ̀ tíì di ọmọ onílẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń bá a jí lọ wá ẹni tí ó sọnù kò tún ní máa pè é ní àjèjì.

Ìtàn ti èyí lẹ́yìn. Willa Brown, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Chicago tí ó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ òfurufú ní 1938, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ yìí, ní 1942. Ọdún 1948 ni Truman tó pàṣẹ pé kí a má ṣe ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun mọ́ nínú iṣẹ́ ológun. Ilẹ̀kùn tí ó há ní ilé ológun, a ti ṣí i díẹ̀ níhìn-ín.

5. Àléébù rẹ̀

Tibi tire ni a dá ilé ayé. Àléébù kìíní ni pé ó ń gba àkókò. Ìpàdé wà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀kọ́ wà ní òpin ọ̀sẹ̀, ìwé tí a ó kọ tí a ó sì fọwọ́ sí kò lóǹkà. Ẹni tí kò bá lè fara da àṣẹ àti ipò, kí ó má dé ibẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kékeré lè gba ọ̀nà jíjìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò dáhùn rẹ̀.

Èkejì ni owó. Kò sí owó oṣù. Owó ẹgbẹ́ wà lọ́dọọdún, aṣọ wà, bàtà wà, epo ọkọ̀ láti ilé dé ibi ìpàdé sì wà.

Ẹ̀kẹta ni ìjákulẹ̀ àwọn tí wọ́n wá fò. Àgbàlagbà tí kò bá mọ ọkọ̀ wà kò gbọdọ̀ retí pé ẹgbẹ́ yóò kọ́ òun láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n wà pàápàá yóò gba ìdánwò lórí ìdánwò kí a tó gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ewu. Iṣẹ́ wíwá ẹni tí ó sọnù máa ń mú ọkọ̀ kékeré fò nílẹ̀ nílẹ̀ láàrin àwọn òkè. Ní oṣù Kọkànlá, 2007, ọmọ ẹgbẹ́ méjì kú nígbà tí ọkọ̀ wọn kọlu òkè nítòsí Las Vegas. Ní oṣù Kọkànlá, 2024, ọkọ̀ mìíràn já ní Colorado. Méjì nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kú. Bí Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú bá ni ó rán wọn níṣẹ́, òfin ìjọba pèsè owó ìtanràn fún ẹni tí ó bá fara pa tàbí fún ẹbí òkú. Ṣùgbọ́n owó kò lè dípò ènìyàn.

Ẹ̀karùn-ún ni ó ṣòro jù láti ṣàlàyé: kí ènìyàn wá nǹkan kí ó má rí i. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, 2007, Steve Fossett, ẹni tí ó ti dá nìkan fi bàlúùnù yí ayé po ní 2002, wọ ọkọ̀ kékeré kan ní Nevada, kò sì padà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí wá a fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwókù àwọn ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n ti já láti ọdún pípẹ́ ni àwọn awákiri rí, wọn kò rí tirẹ̀. Ọdún kan lé kọjá kí ẹnì kan tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí òkè ní California tó kọsẹ̀ bá ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, kí a tó ti ibẹ̀ rí àwókù ọkọ̀ náà.

6. Ohun tí ojú wa rí nílé

Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 2006, ìpè dé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú ọkọ̀ òfurufú tí ó máa ń ké sókè bí ọkọ̀ bá já lulẹ̀. Sátẹ́láìtì ti gbọ́ igbe ọ̀kan. Ọmọ mi bá àwọn àgbà rẹ̀ jáde nínú òtútù. Ìyá rẹ̀ kò sùn, èmi náà kò sùn. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta òru lù kí ó tó wọlé. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ rí i?" Ó ní, "A rí i, Dádì. Inú ilé rẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ni ó fara gbá ẹ̀rọ náà." Inú bí mi. Mo ní, nítorí asán ni o ṣe pàdánù oorun rẹ? Ó wò mí, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ fẹ́ kí ènìyàn ti kú ni?"

N kò rí èsì fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọmọ náà ti lóye ẹgbẹ́ náà jù mí lọ.

Kì í ṣe pé kò ná wa ní nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Sátidé tí àwọn ẹbí pé jọ ni a kò rí i láàrin wa. Ìgbà kan wà tí ìwé rẹ̀ rẹlẹ̀, a sì dá a dúró nílé fún oṣù mẹ́ta. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ ní ọmọ ọdún 18. Kò di awakọ̀, kò di ọmọ ogun. Nọ́ọ̀sì ni ó dà, òru ni ó sì ń ṣiṣẹ́ jù.

7. Ìkádìí

Ayé ti yí padà díẹ̀ láti ìgbà náà. Láti ọjọ́ 1, oṣù Kejì, 2009, sátẹ́láìtì kò fetí sí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ wọ̀nyẹn mọ́. Àwọn tuntun ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà gan-an. Àwọn amòye inú ẹgbẹ́ náà tí wọ́n ń tọpa fóònù alágbèéká sì ń rí ọ̀pọ̀ ènìyàn láìjẹ́ pé ọkọ̀ kankan gbéra. Ẹni tí ó bá ń wọlé lónìí, kí ó mọ̀ pé ó lè kọ́ iṣẹ́ ìwákiri fún ọdún púpọ̀ kí a tó pè é lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, bí ẹbí yín bá tẹ̀ yín láago lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ẹ ní àkókò tí ẹ lè yọ̀ǹda láìjẹ́ pé ilé dàrú? Ṣé ẹ lè gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí ẹ jù lọ lọ́jọ́ orí? Bí ẹ bá wá nǹkan láti òru mọ́jú tí ẹ kò rí i, ṣé ẹ óò tún dìde bí a bá pè yín lọ́jọ́ kejì? Bí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí ti ẹ̀kẹta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.