Ohun Tó Bo Ẹja Lójú



Nígbàkígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, tí omi bá kún lágbègbè Òṣú wa, ẹja náà a máa rìnrìn àjò. Àrọ̀ a máa kúrò nínú ibú, a máa tẹ̀lé omi tuntun lọ sí àbàtà àti ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, kó lè yé ẹyin síbẹ̀. Ìgbà yìí làwọn ọmọ wa máa ń rí ẹja mú láìlo ìwọ̀, láìlo àwọ̀n.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn àsàlátù, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa gbé ẹpìyà mẹ́ta sínú abọ́ wá bá àwa tí à ń bójú tó ètò ìlera ní mọ́ṣáláṣí. Ó ní ọwọ́ lásán làwọn ọmọ òun fi mú un létí odò, ẹja náà kò sá. Nígbà tí òun là á, òun rí aràn tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lára ẹran rẹ̀, ojú ọ̀kan sì ti funfun. Ó béèrè pé, "Ṣé hàláàlì ni, àbí kí n dà á nù?"

Hàláàlì ni ẹja odò. Ṣùgbọ́n Alùkùránì so hàláàlì pọ̀ mọ́ ohun tó dára. Nítorí náà, kí a tó dá ìyá yìí lóhùn, àwa náà bi í ní ìbéèrè kan: "Ṣé ẹja mìíràn ń léfòó níbẹ̀?" Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ìdí tí a fi béèrè bẹ́ẹ̀.

Bí aràn ṣe ń darí ẹja

Àwọn àgbà ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n aràn lè bo ẹja lójú. Ọ̀pọ̀ wa ló ní oko kòkó, a sì mọ àfòmọ́. Orí igi kòkó ló ń gbé, ara igi náà ló ti ń jẹun. Tó bá fẹ́ dé orí igi mìíràn, ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀, tó ń bá a gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni irú aràn kan tó ń wọ ojú ẹja ṣe rí. Inú ẹyẹ apẹja ló ti ń dàgbà. Ìgbẹ́ ẹyẹ a gbé ẹyin rẹ̀ dé inú omi, ọmọ aràn a wọ inú ìgbín omi, a ti ibẹ̀ jáde, a sì wọ inú ẹja lọ títí dé ẹyinjú. Ojú ẹja a di funfun bí ojú àgbàlagbà tí awọ bò. Ẹja tí kò ríran dáadáa kì í tètè sá fún ẹyẹ. Ẹyẹ a gbé e mì, aràn a sì padà délé.

Aràn mìíràn wà tí ọpọlọ ló ń lọ. Ní California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Kevin Lafferty àti Kimo Morris gbé ìwádìí jáde ní 1996 lórí ẹja kékeré kan. Wọ́n rí i pé ẹja tí aràn wà lọ́pọlọ rẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ yí, ó sì ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lójú omi ní ìlọ́po mẹ́rin ju èyí tí ara rẹ̀ dá lọ. Ẹyẹ sì ń rí irú rẹ̀ gbé ní ìlọ́po mẹ́wàá sí ọgbọ̀n.

Ìrìn àjò ẹja pàápàá ń yí padà. Ní Norway, ẹja kan wà tó máa ń ti odò lọ jẹun nínú òkun. Bí kòkòrò tó dà bí iná orí bá bò ó lára, a yára padà sínú odò kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí kòkòrò náà kì í pẹ́ kú nínú omi tí kò níyọ̀.

Àwa náà ti rí irú rẹ̀

Ẹ má rò pé ẹja nìkan ni aràn ń darí. Àwọn òbí wa mọ sòbìà. Ó máa ń ta èèyàn lẹ́sẹ̀ bí iná títí tí aláìsàn yóò fi lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ibẹ̀ gan-an ni aràn ń fẹ́, kó lè tú ọmọ rẹ̀ sínú omi tí ìlú ń mu. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in jákèjádò Nàìjíríà ní 1988, wọ́n lé ní 650,000. Omi tó mọ́, sísẹ́ omi kí a tó mu ún, àti ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ló lé e lọ. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní Chad, lẹ́bàá odò Chari, sòbìà tún yọjú ní 2010. Láti 2012 ni wọ́n ti ń rí i lára ajá. Àwọn onímọ̀ fura sí ìfun ẹja tí a kò sè, tí àwọn apẹja ń jù sílẹ̀ fún ajá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ará ibẹ̀ láti máa sin ìfun ẹja, kí wọ́n sì máa se ẹja jinná.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Àwọn àgbà tún ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Kì í ṣe aràn nìkan ní í mú kí ẹja má sá. Àwọn kan máa ń da Gamalin 20, oògùn kòkòrò oko kòkó, sínú odò láti fi pa ẹja. Iná ń pa aràn, ṣùgbọ́n iná kì í pa májèlé. Bí ẹ bá se é títí di alẹ́, májèlé ṣì wà nínú ọbẹ̀. Ìdí ìbéèrè wa nìyẹn. Ìyá náà dáhùn pé rárá, àwọn ẹja yòókù ń sá dáadáa. Ká ní ó ní wọ́n ń léfòó lọ́pọ̀ ni, à bá ní kó lọ sin gbogbo rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwọ̀nyí sọ́kàn:

1. Bí ẹja púpọ̀ bá ń kú tàbí tó ń léfòó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má mú un, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má tà á.

2. Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀, tó ń bì, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tàbí tí gìrì mú un, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Ọ̀rá lè jẹ́ kí májèlé yìí tètè wọ ara.

3. Ẹja tí ẹ bá rí aràn lára rẹ̀, ẹ gé ibẹ̀ kúrò. Ẹ sin ìfun gbogbo ẹja. Ẹ má dà á sódò, ẹ má jù ú sí ajá.

4. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó kí ẹ tó gé ẹ̀fọ́ lórí rẹ̀.

5. Ẹ se ẹja títí ẹran rẹ̀ yóò fi máa kúrò lára egungun, tí kò ní sí ẹ̀jẹ̀ nídìí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀.

6. Ẹ má sáré ra oògùn aràn fọ́mọ nítorí ó jẹ ẹja. Oògùn aràn kan yàtọ̀ sí èkejì, ìwọ̀n ara ọmọ la sì fi ń díwọ̀n òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ bi àwa apòògùn.

7. Ẹ kìlọ̀ fọ́mọ kó má tọ̀ sódò. Ọ̀nà yìí ni aràn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ń gbà dé inú ìgbín omi, kó tó padà wọ ara ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ̀ fún wa láti máa tọ̀ sínú omi tó dúró sójú kan.

Ìyá wa gé ibi tí aràn wà kúrò, ó sin ìfun, ó se ẹja rẹ̀ jinná, ó sì bu ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. A jẹ ẹ́ pẹ̀lú Bísímílláhì. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í gbé ẹja tí kò sá wálé láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ wo ojú omi yíká.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ilé wa, omi wa àti oúnjẹ wa. Àmín.