Ẹ Máa Yẹ Ẹnu Ológbò Yín Wò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àwọn àgbà ní bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Ẹni tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí gàrí ní Festac àti Agboju mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa.

Eyín 30 ni àgbà ológbò ní. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń rùn, tó sáré dé ìdí oúnjẹ ṣùgbọ́n tí kò lè jẹ ẹ́, ìrora wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ eyín tàbí erìgì tó ń jẹrà, tàbí egungun ẹja tó há. Bí kókó bá yọ sábẹ́ ahọ́n ológbò tó ti dàgbà, ẹ má fi falẹ̀, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran fún àyẹ̀wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní Panadol o, ó ń pa ológbò. Ojú ni kí ẹ fi wò ó, ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀, nítorí itọ́ tó ń dà lè jẹ́ ti dìgbòlugi. Bó bá bù yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ kíá.

Owó dókítà ẹran kì í ṣe òfò. Àpò ìrẹsì tí eku kò dá lu, èrè ni.