Ta ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Áfíríkà?

Nínú ìwé àkójọ máàpù tí Abraham Ortelius gbé jáde ní ìlú Antwerp lọ́dún 1570, obìnrin márùn-ún ló ń kí òǹkàwé káàbọ̀ kó tó kan máàpù kankan. Yúróòpù jókòó sórí ìtẹ́ lókè téńté, ó dé adé, ọ̀pá àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Éṣíà àti Áfíríkà dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, èkejì lápá ọ̀tún. Áfíríkà kò fi bẹ́ẹ̀ wọṣọ, ìtànṣán oòrùn sì yí orí rẹ̀ ká. Amẹ́ríkà wà nísàlẹ̀ pátápátá ní ìhòòhò, ó gbé orí èèyàn tí wọ́n gé dání. Ẹni karùn-ún kò ju orí àti àyà lọ. Òun ni ilẹ̀ gúúsù tí àwọn ará Yúróòpù kò tíì mọ̀ dáadáa nígbà náà.

Láti ìgbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìpolongo lóṣù Ògọ́sọ́ọ̀tù 2025 pé kí wọ́n pa máàpù Mercator tì, ọ̀rọ̀ bí Áfíríkà ṣe tóbi tó ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń sọ. Àwọn obìnrin iwájú ìwé yìí kì í sábà wọ inú àríyànjiyàn náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ ni Mercator àti Ortelius, ọdún kan ṣoṣo ló sì wà láàárín iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Nítorí àwọn atukọ̀ ni Mercator ṣe ya máàpù tirẹ̀ ní 1569. Ìṣirò tó jẹ́ kí atukọ̀ lè fa ìlà tààrà tọ́ ọ̀nà rẹ̀ ni ìṣirò kan náà tó fẹ Greenland lójú, tó fi wá dà bí ẹgbẹ́ Áfíríkà tó jù ú lọ nígbà mẹ́rìnlá. A lè dárí jin ìṣirò. Ìtẹ́ Yúróòpù kò bá ìṣirò wá ní tirẹ̀: ẹnì kan ló jókòó, tó mú irin, tó fín in sára bàbà pẹlẹbẹ.

Kí ló dé tí gbogbo wọn fi jẹ́ obìnrin? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé torí pé ìyá tó ń bọ́ni ni ilẹ̀ ni. Ó dùn létí, àmọ́ inú gírámà ni ìdáhùn tó ṣe é gbára lé jù wà. Nínú èdè Látìn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ akọ, tàbí abo, tàbí kó má jẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Abo ni Africa, abo ni Asia, Europa, Italia àti Britannia. Nígbà tí àwọn ará Róòmù bá fẹ́ ya ilẹ̀ bí èèyàn, orúkọ ti bá wọn yàn án. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá nìkan lè máà tètè rí i, nítorí “ó” kan náà là ń lò fún ọkùnrin, obìnrin àti àpótí ìjókòó. Ọmọ ilé-kéwú ní Ìlọrin kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Lárúbáwá tó ń kọ́ ti sọ fún un pé abo ni shams, ìyẹn oòrùn, pé akọ ni qamar, ìyẹn òṣùpá, àti pé abo ni orúkọ ìlú àti ilẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

Odò ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Akọ ni orúkọ odò Nile ní Látìn, ọkùnrin ni wọ́n sì fi ń ya á. Bẹ́ẹ̀ náà ni Bernini ṣe gbẹ́ ẹ sí Piazza Navona ní Róòmù, nínú iṣẹ́ tó parí ní 1651: ọkùnrin alágbára tó fi aṣọ bo orí, torí pé nígbà náà kò tíì yé àwọn ará Yúróòpù ibi tí odò náà ti ń ṣàn wá. Odò tí àwọn Hausa ń pè ní Kwara, tí ìpínlẹ̀ tí Ìlọrin jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, Odò Ọya ni Yorùbá ń pè é, obìnrin sì ni Ọya, ìyàwó Ṣàngó. Gírámà kọ́ ló sọ ọ́ di obìnrin; ìtàn ni. Ó jọ pé ohun tí gírámà lè ṣe kò ju pé kó yan akọ tàbí abo lọ. Ẹni tó máa gorí ìtẹ́ àti ẹni tó máa wà níhòòhò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí Áfíríkà obìnrin yìí ti ṣẹ̀ wá ló yani lẹ́nu jù. Lẹ́yìn tí Róòmù pa ìlú Carthage run ní ọdún 146 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n sọ àyíká rẹ̀ di ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Africa. Kò ju apá ibi tí Tùnísíà wà lónìí lọ. Nígbà tí Hadrian wà lórí oyè, láàárín 117 sí 138, wọ́n rọ owó tó gbé àwòrán àwọn ìpínlẹ̀ ìjọba rẹ̀. Africa rọ̀gbọ̀kú lórí tirẹ̀, ó fi awọ orí erin dé fìlà, ọwọ́ ìjà erin náà sì yọ síwájú. Àkekèé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Erin wà lára ohun tí Carthage fi bá Róòmù jagun; àkekèé kò sì ṣọ̀wọ́n nínú yanrìn ibẹ̀.

Owó yẹn ni Cesare Ripa, òṣìṣẹ́ nílé kádínà kan ní Róòmù, rí. Ìwé rẹ̀, Iconologia, tó kọ́kọ́ jáde ní 1593, ń kọ́ àwọn ayàwòrán bí wọ́n ṣe máa ya ohun tí ojú kì í rí, bí Òótọ́ àti Ìlara. Nínú ẹ̀dà 1603, tó ní àwòrán, Áfíríkà di obìnrin dúdú onírun kíká, iyùn lọ́rùn, iyùn létí, àkekèé lọ́wọ́ kan, ìwo tó kún fún àlìkámà lọ́wọ́ kejì, kìnnìún àti paramọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ripa fúnra rẹ̀ sọ pé ara owó Hadrian lòun ti mú orí erin tó fi dé e lórí. Báyìí ni obìnrin ìpínlẹ̀ kékeré kan ṣe gba ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 30 kìlómítà onígun mẹ́rin. Látìgbà náà, ẹni tó ń fín àwòrán kò nílò kó rí Áfíríkà mọ́. Ripa ti tó o.

Àwọn Lárúbáwá àtijọ́ ò na orúkọ náà tó bẹ́ẹ̀. Ifriqiya ni wọ́n ń pe agbègbè Tùnísíà yìí, Kairouan sì ni olú-ìlú rẹ̀ nígbà kan. Ibẹ̀ ni Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, tó kú ní 996, ti kọ Risala, ìwé òfin Málíkì tí àwọn àáfà Ìlọrin ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ kéwú. Ìwé láti inú Africa àkọ́kọ́ ti pẹ́ ní Ìlọrin.

Àwòrán tí William Blake fín fún ìwé John Gabriel Stedman lórí Surinam, tó jáde ní London ní 1796, gba ọ̀nà mìíràn. Kò sí erin níbẹ̀, kò sí àkekèé. Obìnrin mẹ́ta ni, ìhòòhò ni gbogbo wọn, wọ́n fara kọ́ra bí ọmọ ìyá. Yúróòpù wà láàárín, Áfíríkà àti Amẹ́ríkà sì gbé e ró. Ìlẹ̀kẹ̀ ló wà lọ́rùn Yúróòpù, àmọ́ ẹ̀gbà wúrà ló wà lápá àwọn méjì yòókù, irú èyí tó ń ránni létí ẹrú. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò: àwọn kan rí ìfẹ́, àwọn kan rí ẹ̀gàn. Ẹni tó bá wo ẹ̀gbà apá wọn dáadáa, á ṣòro fún un láti sọ pé Blake kò mọ ohun tó ń ṣe.

Ère Mọremí tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42 ní Ilé-Ifẹ̀ kì í ṣe ara ìdílé àwọn obìnrin tó dúró fún ilẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fi wé ère Òmìnira ti Amẹ́ríkà. Akọni tí ìtàn ní ó wá láti Ọ̀fà ni Mọremí. Èèyàn ni wọ́n ń rántí níbẹ̀. Èèyàn gidi náà ni Ladi Kwali, amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn owó náírà ogún. Ẹni tó súnmọ́ obìnrin inú ìwé jù ní Nàìjíríà ni Anyanwu, ère idẹ tí Ben Enwonwu ṣe ní àárín ọdún 1950 sí 1960 fún ilé ọnà ìṣẹ̀ǹbáyé ní Onikan, Èkó, láti fi ṣàpẹẹrẹ orílẹ̀-èdè tó ń dìde. Ojú oòrùn ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Ígbò. Irun dídì àti ìlẹ̀kẹ̀ bíi ti ààfin Ẹdó ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe awọ erin. Nàìjíríà fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ́dún 1966, New York ló sì wà.