Pọ́ńpù Kì í Tún Ara Rẹ̀ Ṣe

 Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí omi mímu àti ìgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Làìbéríà ná, torí ohun tójú wọn rí lọ́hùn-ún, ẹ̀kọ́ ni fún wa.

Ogun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí ọdún 1989, kò sì tán títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2003. Wọ́n ní ìsédò ńlá kan lórí odò St. Paul, Mount Coffee lorúkọ rẹ̀, òun ló ń fún Monrovia, olú ìlú wọn, níná. Lọ́dún 1990, ogun lé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lọ. Odò wá kún, kò sẹ́ni tí yóò ṣílẹ̀kùn ìsédò kí omi lè rọ́nà kọjá. Omi bò ó, ó sì gbé apá kan lọ. Lẹ́yìn náà làwọn olè wá tú irin àti wáyà tó kù. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe ìbọn ló fọ́ ìsédò yẹn. Àìsí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni.

Ẹ lè bi wá pé, kí ló kan ìyá ọlọ́mọ níbẹ̀? Iná ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fa omi wọ ìlú. Bí iná bá kú, ẹ̀rọ á dúró, páìpù á gbẹ. Ìyá á gbé korobá lọ síbi kànga tó bá rí, ì báà ṣe pé ṣáláńgá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ́lẹ́rà ń gbà wọlé. Lọ́dún 2003, tí ìjà dé Monrovia, tí àwọn tó ń sá fógun kún inú ìlú, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ọmọ tí ìbọn kò bà, omi ìdọ̀tí bà á.

Àwọn obìnrin ò káwọ́ lẹ́rán. Kristẹni àti Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà láàárín wọn, wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó nítòsí ọjà ẹja nínú oòrùn àti òjò, wọ́n ní àlàáfíà làwọn ń fẹ́. Leymah Gbowee tó ṣáájú wọn gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2011.

Ogun tán, ṣùgbọ́n títún ìlú ṣe kò yá bíi fífọ́ ọ. Ní oṣù Keje ọdún 2006, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi tan iná sí apá kan Monrovia. Ìsédò Mount Coffee kò padà ṣiṣẹ́ àfi ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bàjẹ́ ti pé ọdún 26! Kó tó di ìgbà náà, Ebola ti dé lọ́dún 2014, ó bá àwọn ilé ìwòsàn tí kò ní omi tó láti fi fọwọ́. Ó lé ní 4,800 ènìyàn tó kú.

Kò sógun ní Goro, a dúpẹ́. Àmọ́ pọ́ńpù lè kú láìsí ogun. Rọ́bà kékeré inú rẹ̀ á jẹ, a ò ní pààrọ̀ rẹ̀. Irin á bàjẹ́ tẹ̀ lé e, la bá padà sídò. Torí náà:

Ẹ máa dá owó díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe, bí ẹ ti ń dá èésú. Ẹ fi obìnrin méjì tàbí mẹ́ta ṣọ́ owó náà, kí wọ́n máa ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo yín.

Ẹ má jẹ́ kí ẹran mu omi lẹ́nu pọ́ńpù. Ẹ fọ bídọ́ọ̀nù, ẹ sì dé e.

Bó bá jẹ́ omi odò lẹ rí, ẹ sè é kó hó dáadáa kẹ́ ẹ tó mu ún.

Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ po ṣíbí kọfí ṣúgà mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kó má ga ju etí ṣíbí lọ, sínú omi mímọ́ lítà kan. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì dá ọmú dúró. Bí ìgbẹ́ bá rí bí omi ìrẹsì, tàbí ojú ọmọ jìn wọnú, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́: ilé ìwòsàn lẹ máa gbé e lọ, kẹ́ ẹ máa fún un lómi náà lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí pọ́ńpù kú ká tó rántí rẹ̀. Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí.