Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ni "ivoirité" sọ nípa àwọn tó gbé e lárugẹ?

Orúkọ tí olóṣèlú bá fún èrò rẹ̀ máa ń tú àṣírí ohun tó ń bà á lẹ́rù. Lọ́dún 1995, Ààrẹ Henri Konan Bédié gbé "ivoirité" jáde ní Côte d'Ivoire, ìyẹn èrò nípa ẹni tó jẹ́ ojúlówó ọmọ ilẹ̀ náà. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àṣà lásán ni. Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò 1994 ti ṣáájú rẹ̀: bàbá àti ìyá ẹni tó bá fẹ́ ṣe ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà láti ìbí. Òfin yẹn ló dínà mọ́ Alassane Ouattara, ẹni tó ti ṣe olórí ìjọba níbẹ̀ láti 1990 sí 1993. Lóòótọ́, àjèjì pọ̀ ní Abidjan, Yorùbá oníṣòwò náà wà níbẹ̀. Kò burú láti béèrè ẹni tó jẹ́ onílẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè tó dìde nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, tó sì bá alátakò pàtó wí, ipò ló ń ṣọ́, kì í ṣe àṣà.