Ínhélà búlúù nìkan kò tó

Ní Ṣàngótẹ̀dó ní Èkó, èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í jìnnà sí fèrèsé. Ilẹ̀ àbàtà ni wọ́n da yanrìn sí kí wọ́n tó kọ́ púpọ̀ nínú ilé ibẹ̀, nítorí náà tí òjò bá pọ̀, ọ̀rinrin á gun ògiri, igun yàrá á sì bu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, eruku ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ á gbà á lọ́wọ́ òjò. Bí àyà ọmọ tó ní ásímà bá bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ìyá rẹ̀ á sáré lọ sí kẹ́míìsì, á ra ínhélà búlúù. Ọmọ á fà á, á mí, ọkàn gbogbo ilé á balẹ̀.

Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ ń kìlọ̀ lé lórí.

Àwọn ọmọ ogun ara ẹni tó ní ásímà máa ń ka eruku tàbí ìgbẹ́ aáyán sí ọ̀tá. Wọ́n á gbé ìjà kò ó, ọ̀nà èémí á wú nínú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dí i, iṣan tó yí i ká á sì fún un pọ̀. Salbutamol inú ínhélà búlúù ń tú iṣan náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kan wíwú náà rárá. Lẹ́yìn wákàtí bíi mẹ́rin, agbára rẹ̀ á tán. Iná ṣì wà lábẹ́ eérú.

Ìdí nìyí tí GINA, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ásímà, fi sọ ní 2019 pé kí wọ́n má fi irú oògùn yìí nìkan tọ́jú ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 12 mọ́. Kí ó máa lo ínhélà tó ní steroid, oògùn tó ń pa wíwú. Ẹ̀rí lórí àwọn ọmọdé dé ní 2025. Ní New Zealand, wọ́n kó ọmọ 360 tí wọ́n wà láàárín ọdún 5 sí 15 jọ. Wọ́n fún apá kan ní salbutamol, wọ́n fún apá kejì ní budesonide, irú steroid kan, tí wọ́n pò mọ́ formoterol tó ń tú iṣan. Ìkọlù ásímà fi ìdá 45 nínú 100 dín láàárín àwọn tó lo àpòpọ̀ náà.

Ìwádìí tí Obianuju Ozoh ti Yunifásítì Èkó ṣaájú rẹ̀, tó jáde ní 2019, ṣírò pé àwọn tí ásímà ń bá fínra ní Nàìjíríà tó mílíọ̀nù 13. Ní oṣù Kẹjọ 2023, ilé-iṣẹ́ GSK, tó ń ṣe ínhélà búlúù tí wọ́n ń pè ní Ventolin, kéde pé òun ń kógbá sílé ní orílẹ̀-èdè wa, owó ínhélà sì fò sókè. Àpòpọ̀ yìí tún wọ́n ju búlúù lọ. N kò lè dá ìyá tó ra búlúù lẹ́bi; owó ló bá a yàn án. Ìjọba ló yẹ kó fi àpòpọ̀ náà sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti tó o.

Ẹ má ju búlúù nù o: tí ìkọlù bá dé, ó lè gba ẹ̀mí là. Ẹ kàn máa tọ́jú agolo rẹ̀ tó ti tán. Ẹni tó bá lo mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan wà nínú ewu ìkọlù ńlá; tó bá di 12, ewu ikú ń pọ̀ sí i. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé wọn ka iwájú dókítà.